Ta Ló Ṣílẹ̀kùn? Èrò Mi Lórí Àwọn Fíìmù Ẹ̀rù àti Fíìmù Òfuurufú tí Mo Wò Lẹ́nu Àìpẹ́ Yìí

Nínú àwọn fíìmù adẹ́rùbani tí mo wò lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àtèyí tó dá lórí òfuurufú àtèyí tó dá lórí òkú àti àǹjọ̀ọ̀nú, ohun kan náà ni mo rí tó ń ya èyí tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára. Kì í ṣe bí abàmì inú rẹ̀ ṣe burẹ́wà tó, kì í sì í ṣe bí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ilẹ̀kùn ni. Bí olùdarí fíìmù bá jẹ́ kí a mọ ibi tí ewu lè gbà wọlé, tó sì jẹ́ kí a rí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un àti ìdí tí onítọ̀hún fi ṣí i, ẹ̀rù náà kò ní tán nígbà tí a bá pa tẹlifíṣọ̀n. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn fíìmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn yìí mọ ibi tí ògiri tiwọn ti lanu.

Èyí tó tuntun jù ni Sinners, tí Ryan Coogler darí, tó sì jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ìlú Clarksdale ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ìtàn náà ti wáyé ní ọdún 1932, nígbà tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú agbègbè náà ń já òwú lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ìbejì ni Smoke àti Stack, Michael B. Jordan nìkan ló sì ṣe àwọn méjèèjì. Wọ́n ti Chicago dé pẹ̀lú owó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè orísun rẹ̀, wọ́n ra ilé ìlagi àtijọ́ kan lọ́wọ́ òyìnbó, wọ́n sì fẹ́ sọ ọ́ di ilé ijó lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ètò òde alẹ́ ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń wá ẹni tí yóò din ẹja, ẹni tí yóò tẹ dùùrù, ẹni tí yóò kọ orúkọ ilé náà sára pátákó, ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan ń ráhùn pé ó pẹ́ jù kí ẹ̀rù tó dé. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, nítorí pé nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, a ti mọ olúkúlùkù wọn débi pé a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn kú.

Orin ló ṣí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Sammie, ọmọ oníwàásù tó jẹ́ ìbátan àwọn ìbejì náà, gbé gìtá rẹ̀, ó sì kọrin tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ti kú àti àwọn tí a kò tíì bí fi wá sínú agbo. Kámẹ́rà ń rìn láàárín àwọn oníjó láìdúró: a rí onílù ilẹ̀ Áfíríkà, a rí ọkùnrin tó ń ta gìtá oníná, a rí ẹni tó ń yí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, a sì rí oníjó ilẹ̀ Ṣáínà nítorí pé tọkọtaya kan tó jẹ́ ará Ṣáínà wà nínú ilé náà. Mo rò ó pé Coogler mọ ohun tí àwọn onílù wa ti mọ̀ tipẹ́, pé ìlù tí a bá lù dáadáa a máa pe ohun tí a pè àti ohun tí a kò pè. Ohun tí wọn kò pè ni Remmick, òkú amùjẹ̀ kan tó gbọ́ orin náà láti òkèèrè, tó sì fẹ́ gbà á fún ara rẹ̀.

Òfin tó de Remmick àti àwọn tó ti sọ di irú rẹ̀ ni pé wọn kò lè wọlé àyàfi tí ẹni tó wà nínú ilé bá ní kí wọ́n wọlé. Ìran tí mo fẹ́ràn jù nínú fíìmù náà kò ní ẹ̀jẹ̀ rárá. Aṣọ́nà tó jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀ padà dé, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé. Annie, ìyàwó Smoke, sì bi í léèrè ìdí tí géńdé bíi tirẹ̀ fi nílò kí ẹnì kan fún un láyè kí ó tó gba ẹnu ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ kọjá. Wùnmí Mosaku, tí wọ́n bí ní Zaria tó sì dàgbà ní Manchester, ló ṣe Annie. Obìnrin náà mọ ewé, ó mọ egbò, ó sì ti ṣe ońdè kan fún Smoke, èyí tí ọkùnrin náà kò bọ́ kúrò lọ́rùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń bínú sí iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ nítorí pé kò gba ọmọ wọn lọ́wọ́ ikú. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí a ti wò, bí obìnrin bá ti mọ ewé, àjẹ́ ni wọn yóò fi ṣe, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di ẹlẹ́yà. Mosaku ṣe é bí ìyá àti aya tó gba ìmọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀, tí kò sì pariwo nípa rẹ̀. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó mọ ohun tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àríwísí mi wà lórí ìparí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mọ́, ìjà ìbọn kan tún wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó kórìíra aláwọ̀ dúdú. Mo mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀, inú mi sì dùn bí mo ṣe ń wò ó, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé fíìmù mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Àkókò tí wọ́n lò fún un ni mo fẹ́ kí wọ́n lò fún Remmick àti ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn rẹ̀ nípa ìdàpọ̀ àti ìfẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn ní etí débi tí ènìyàn fi lè rí ìdí tí ẹnì kan yóò fi gbà á.

Ìran kan wà nínú Sinners níbi tí wọ́n ti pín aáyù fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé kí wọ́n jẹ ẹ́ lójú ara wọn, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti yí padà. Ìran yìí ló rán mi padà sí The Thing, fíìmù John Carpenter ti ọdún 1982. Ọkùnrin 12 ló wà ní ibùdó ìwádìí àwọn ará Amẹ́ríkà kan ní Antarctica, níbi tí kò sí ohun mìíràn ju yìnyín lọ. Ajá kan sá wá bá wọn, àwọn ará Norway sì ń lé e bọ̀ nínú hẹlikópítà, wọ́n ń yìnbọn sí i. Ta ni kò ní ṣàánú ajá? Wọ́n mú un wọlé. Ohun tó wà nínú ajá náà lè sọ ara rẹ̀ di ohun abẹ̀mí yòówù tó bá fọwọ́ kàn, yálà ẹranko tàbí ènìyàn, tí ọ̀rẹ́ onítọ̀hún kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ilẹ̀kùn kò wúlò mọ́, nítorí ọ̀tá ti wà nínú ilé, kò sì sí ẹni tó lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wá ń dán ara wọn wò ni mo rò pé ó dára jù nínú gbogbo fíìmù ẹ̀rù tí mo mọ̀. MacReady, tí Kurt Russell ṣe, gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára olúkúlùkù sínú àwo, ó sì ń fi wáyà gbígbóná kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, kò ní ṣe ju pé kí ó hó díẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀dá náà, ẹ̀jẹ̀ náà fúnra rẹ̀ yóò sá fún iná. Carpenter kò kánjú. Ó jẹ́ kí a wo ojú àwọn tí wọ́n dè mọ́ àga, ó jẹ́ kí a gbọ́ ìró wáyà náà bó ṣe ń kan ẹ̀jẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀ kó tó kàn án mọ́ ti ẹni tó yẹ. Rọ́bà àti ẹ̀rọ ni Rob Bottin, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, fi ṣe àwọn abàmì inú rẹ̀, wọ́n sì ṣì ń rí lára ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lónìí lọ. Oṣù kan náà ni fíìmù yìí àti E.T. jáde, àwọn òǹwòran sì fẹ́ràn àlejò òfuurufú onínúure ti E.T. ju èyí tó ń jẹ ajá lọ. Àwọn alárìíwísí bú Carpenter gidigidi. Mo gbà pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo lè rí wí sí i kò ju pé díẹ̀ nínú àwọn ọkùnrin 12 yẹn kò yàtọ̀ síra wọn tó, tí ènìyàn fi lè kú kí a má mọ ẹni tó kú.

Fíìmù tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá wò, yálà wọ́n fẹ́ràn irú rẹ̀ tàbí wọn kò fẹ́ràn rẹ̀, ni Alien, tí Ridley Scott darí ní ọdún 1979. Òṣìṣẹ́ méje ló wà nínú Nostromo, ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù kan tó ń padà bọ̀ wá sílé ayé. Wọn kì í ṣe akọni. Parker àti Brett, àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, kò dẹ́kun àròyé pé owó àjẹmọ́nú tiwọn kéré sí ti àwọn yòókù. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jí wọn lójú oorun nítorí àmì kan tó ń wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé, mẹ́ta nínú wọn sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Nígbà tí wọ́n padà dé ẹnu ọ̀nà, nǹkan kan ti lẹ̀ mọ́ Kane lójú.

Ripley, tí Sigourney Weaver ṣe, wà nínú ọkọ̀, ó sì kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn. Òfin wà pé ẹni tó bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 24 kí ó tó bá àwọn yòókù pàdé. Ọ̀gá rẹ̀, tó wà lóde pẹ̀lú aláìsàn náà, pàṣẹ fún un pé kí ó ṣí i; ó ní rárá. Ash, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì inú ọkọ̀ náà, ló tẹ bọ́tìnnì. Ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, tí a kò mọ̀ títí fíìmù fi lọ jìnnà, bà mí lẹ́rù ju ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀ lọ: àwọn tó ni ọkọ̀ ti pinnu pé ohun tó wà lójú Kane níye lórí ju ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí ní ibi tí ọ̀gá kò ti ka òṣìṣẹ́ sí ènìyàn kò nílò àlàyé kankan.

Ọmọ wa ló sì wà nínú awọ ẹ̀dá tó wá ti ara Kane jáde. Bọ́lájí Badéjọ ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Èkó ní ọdún 1953. Victor Badejo, bàbá rẹ̀, ti jẹ́ ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ rédíò ìjọba Nàìjíríà rí. London ló wà, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, nígbà tí ẹnì kan lára àwọn tó ń wá òṣèré rí i ní ilé ọtí kan. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́wàá, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn, ó sì pẹ́lẹ́ńgẹ́. Irú ara bẹ́ẹ̀ ni Scott ń wá, kí òǹwòran má baà lè gbà pé ènìyàn lè wà nínú aṣọ tí H.R. Giger, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fọkàn yà. Wọ́n ní kí Badéjọ lọ kọ́ tai chi, eré ìdárayá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti ilẹ̀ Ṣáínà, àti eré aláìsọ̀rọ̀ kí ìrìn rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Ìrù aṣọ náà kò jẹ́ kó lè jókòó sórí àga, nítorí náà wọ́n so okùn ìjókòó kan rọ̀ fún un láti máa fi sinmi. Àwọn mìíràn ló ṣe díẹ̀ lára àwọn ìran tó léwu, ṣùgbọ́n ìrìn tí ayé mọ̀ mọ ẹ̀dá náà, tirẹ̀ ni. Nígbà tí mo rí i bó ṣe ń na apá rẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárín àwọn páìpù, eégún àgbà ni ọkàn mi lọ bá, nítorí pé bí ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀ bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ará ọ̀run nìkan ni ojú wa ń rí.

Badéjọ kò ṣe fíìmù mìíràn mọ́. Ó padà sílé, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì pa á ní Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1992, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 39. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa lè dárúkọ Sigourney Weaver láìronú, tí a kò sì mọ orúkọ ẹni tó ń lé e kiri. Fún ìdí yìí nìkan, ẹ wo fíìmù náà. Ẹ̀bi kan tí mo rí wà ní òpin, nígbà tí wọ́n fi gbogbo ara ẹ̀dá náà hàn ní ìta ọkọ̀; ibẹ̀ nìkan ni mo ti rántí pé aṣọ ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré la fi rí i nínú gbogbo fíìmù náà, ìyẹn náà sì ti tó.

Alien: Romulus, tí Fede Álvarez darí ní ọdún 2024, ní ìbẹ̀rẹ̀ tó dára: àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ní ìlú awakùsà kan tí oòrùn kì í ràn, tí iléeṣẹ́ sì ń fi kún wákàtí iṣẹ́ wọn nígbàkigbà tí ó bá kù díẹ̀ kí wọ́n gba òmìnira. David Jonsson, tó ṣe róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ Andy, ṣe é débi tí mo fi gbàgbé àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò fọkàn tán ara rẹ̀. Ó ń tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ nínú àwọn fíìmù àtẹ̀yìnwá sọ, ó sì fi ẹ̀rọ gbé ojú Ian Holm, òṣèré tó ṣe Ash nínú ti 1979, tó sì kú ní ọdún 2020, padà wá. Ẹbí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, ara mi kò gbà á, ojú náà kò sì jọ ti ẹni tó wà láàyè. Ẹ wo ti 1979.

Arrival, tí Denis Villeneuve darí ní ọdún 2016, kì í ṣe fíìmù ẹ̀rù, mo sì dárúkọ rẹ̀ nítorí pé àwọn àlejò òfuurufú fúnra wọn ló ń ṣí ilẹ̀kùn níbẹ̀, ní wákàtí 18 síra wọn, fún onímọ̀ èdè kan tí Amy Adams ṣe. Ó falẹ̀, ó tutù, ó sì yẹ fún ẹni tó fẹ́ ronú ju kí àyà rẹ̀ já lọ.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni His House, tí Remi Weekes darí ní ọdún 2020. Bol àti Rial jẹ́ tọkọtaya tó sá fún ogun ní South Sudan. Ọmọbìnrin kan bá omi lọ lójú ọ̀nà, àwọn méjèèjì sì gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣọpẹ́ Dìrísù, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, ló ṣe Bol, Wùnmí Mosaku sì tún ni Rial. Ìjọba fún wọn ní ilé kan, wọ́n sì ka òfin fún wọn: wọn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, wọn kò gbọdọ̀ kó lọ síbòmíràn. Ìbéèrè tí a máa ń bi gbogbo fíìmù ilé abàmì, pé kí ló dé tí wọn kò kó jáde, ni Weekes ti fi òfin yìí dáhùn kí a tó béèrè. Bí wọ́n bá kó jáde, wọ́n lè dá wọn padà sí ibi tí wọ́n ti sá wá. Nígbà tí ohun kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti inú ògiri, Bol fi òòlù fọ́ ògiri náà, ihò sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Ẹ̀rù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Bol fẹ́ kí wọ́n máa jẹun lórí tábìlì, kí wọ́n máa lo ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì. Rial jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ jẹun, ó ní irin ni òun ń tọ́ wò. Nínú ìyàtọ̀ kékeré yìí la ti rí ìgbéyàwó tó ń dàrú, ọ̀pọ̀ ilé àwọn ènìyàn wa ní ìlú òyìnbó yóò sì mọ̀ ọ́n. Rial gbàgbọ́ pé ohun tó wà nínú ògiri tẹ̀lé wọn láti ilé nítorí gbèsè kan. N kò ní sọ gbèsè náà. Nígbà tí ó jáde, mo dá fíìmù náà dúró, mo rìn díẹ̀ nínú yàrá kí n tó lè tẹ̀síwájú, nítorí ẹni tí mo ti ń ṣàánú láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo wá ń bẹ̀rù, n kò sì lè dá a lẹ́bi.

Mo fi The Figurine kẹ́yìn, èyí tí àwọn kan mọ̀ sí Araromire. Kúnlé Afọláyan ló darí rẹ̀ ní ọdún 2009, òun náà sì ṣe Ṣọlá nínú rẹ̀; fíìmù náà ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù níbi ayẹyẹ Africa Movie Academy Awards (AMAA) ọdún 2010. Àgùnbánirọ̀ ni Ṣọlá àti Fẹ́mi, tí Ramsey Nouah ṣe, obìnrin kan náà ni àwọn méjèèjì sì fẹ́. Nígbà tí òjò lé wọn wọ ojúbọ àtijọ́ kan nínú igbó, Ṣọlá rí ère kan níbẹ̀, ó sì gbé e lọ sílé. Òrìṣà tó ni ère náà, gẹ́gẹ́ bí ìtàn rẹ̀, a máa fún ènìyàn ní ọdún méje oríire, ọdún méje ibi a sì tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó kanlẹ̀kùn mọ́ wọn níbí. Àwọn fúnra wọn ló wọ ilé onílé.

Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni pé Afọláyan kò jẹ́ kí a mọ̀ dájú bóyá òrìṣà ló ń ṣiṣẹ́ tàbí ẹnì kan tó ń jowú. Ère tí wọ́n sọ nù tún padà sínú ilé, ó sì ṣeé ṣe kí ọwọ́ ènìyàn ló gbé e padà. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa, babaláwo a sọ àsọtẹ́lẹ̀, ààrá a sán, ohun gbogbo a sì yanjú kí wòlíì tó dé. Níbí, a ní láti gbé ẹ̀rí yẹ̀ wò fúnra wa. Ìdajì kejì rẹ̀ falẹ̀ ní ibì kan tàbí méjì, àlàyé tí Fẹ́mi sì ṣe ní òpin gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Fíìmù náà parí pẹ̀lú ìbéèrè tí wọ́n kọ sójú rẹ̀, pé kí ni òǹwòran gbàgbọ́. Èmi gbàgbọ́ pé òrìṣà ló ṣe é. Fẹ́mi lè purọ́, ó lè pète ìkà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ikọ́ fée tó ń bá a jà kí wọ́n tó wọ ojúbọ náà lọ lẹ́yìn tí wọ́n jáde níbẹ̀, kò sì sí ète tí ó lè pa tí yóò wo ara rẹ̀ sàn.